Bí A Ṣe Ń To Ikọ̀ Tó Ń Há Alátakò Mọ́ Iwájú Ilé Wọn

Ibi tí ikọ̀ bá ti gba bọ́ọ̀lù ni yóò sọ bí iṣẹ́ tó kù ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ bá gbà á lẹ́nu àpótí pẹ́nárítì tiyín, ó ku bíi mítà 90 kí ẹ tó dé ilé alátakò, wọ́n á sì ti tò pa dà kí ẹ tó débẹ̀. Bí ẹ bá gbà á ní mítà 30 sí ilé wọn, páàsì kan tàbí méjì ló kù, àwọn ẹ̀yìn wọn, ìyẹn àwọn tó ń dáàbò bo ilé, á sì ti tú káàkiri nítorí wọ́n ti ń múra àtigbé bọ́ọ̀lù síwájú. Òótọ́ yìí ni Viktor Maslov rí nígbà tó ń kọ́ Dynamo Kyiv ní àwọn ọdún 1960, òun ni Rinus Michels fi kọ́ Ajax, òun náà ni Pep Guardiola àti Jürgen Klopp fi gba ife lọ́tùn-ún lósì.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń bẹ̀rẹ̀ pírẹ́sì, ìyẹn kí ikọ̀ jùmọ̀ há alátakò mọ́ kí wọ́n lè gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn, láti ibi tí kò yẹ. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ máa sáré, kí wọ́n má sinmi. Kí ìṣẹ́jú 20 tó pé, ó ti rẹ síráíkà, àwọn ẹ̀yìn ṣì dúró ti aṣọ́lé wọn, àárín pápá sì ti ṣófo gbayawu. Ohun tí pírẹ́sì dúró lé ni bí ènìyàn ṣe súnmọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá jáde lọ bá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ní ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ ní mítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bí kò bá ní, kó má jáde. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kọ́ wọn lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yanjú ìjìnnà kí ẹ tó yanjú eré sísá

Arrigo Sacchi, ẹni tó fi AC Milan gba ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù ní 1989 àti 1990, kò fẹ́ kí ìjìnnà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ẹ̀yìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ síráíkà ju nǹkan bíi mítà 25 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Pápá ìdíje ńlá sábà máa ń gùn ní mítà 105. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ sẹ́ńtà-báàkì wọn (ẹ̀yìn tó ń dúró láàrin) lẹ́nu àpótí pẹ́nárítì, síráíkà yín á wà ní bíi mítà 20 sí ìlà ilé wọn. Bí àwọn ẹ̀yìn yín bá dúró sórí ìlà àárín pápá, mítà 30 ó lé díẹ̀ ni ikọ̀ yín gùn. Bí wọ́n bá dúró sẹ́nu àpótí tiyín, gígùn náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 70, kò sì sí ẹni àárín mẹ́ta tó lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yìn ni pírẹ́sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó ti wù kí síráíkà fẹ́ràn iṣẹ́ tó, bí sẹ́ńtà-báàkì rẹ̀ bá ń bẹ̀rù àyè tó wà lẹ́yìn òun, asán ni gbogbo làálàá rẹ̀.

Ìlà àárín pápá náà ni òpin ibi tó yẹ kí wọ́n gòkè dé. Òfin ọ́fúsáìdì kì í mú ẹni tó bá wà ní ìdajì pápá tirẹ̀. Bí àwọn ẹ̀yìn yín bá kọjá ìlà yẹn ní mítà márùn-ún, wíńgà wọn (ẹni iwájú tó ń gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá) tó lẹ́sẹ̀ eré lè dúró sẹ́yìn wọn láì jẹ̀bi ohunkóhun, kó kàn máa retí bọ́ọ̀lù gígùn.

Dídúró sókè nìkan ò tó. Àwọn ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa gòkè, kí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì ni wọ́n á máa wò kí wọ́n tó ṣe èyíkéyìí. Ṣé ó ráyè? Ṣé ó ti gbójú sókè, tó ti fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn láti gbá a jìnnà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ti yí ara sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè sáré síhà ilé láì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yí po. Ṣé ó dorí kodò? Ṣé ó kọ ẹ̀yìn sí ilé wa, àbí ó ń dá bọ́ọ̀lù pa dà sẹ́yìn? Kí wọ́n gòkè kíá. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa pàṣẹ, kí ohùn rẹ̀ sì ròkè. Ní Milan ìgbà yẹn, Franco Baresi ni.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2020, Aston Villa na Liverpool ní ayò 7 sí 2, ọdún yẹn gan-an ni Liverpool gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà ẹ̀yìn Liverpool wà lókè bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń pín bọ́ọ̀lù fún Villa ń ráyè wo iwájú, bọ́ọ̀lù sì ń gba ẹ̀yìn ìlà yẹn kọjá léraléra. Ẹ wá fi wé ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2024, tí Barcelona ti Hansi Flick lọ na Real Madrid ní 4 sí 0 nínú ilé wọn. Ìgbà 12 ni ọ́fúsáìdì mú Madrid lọ́jọ́ náà, Kylian Mbappé nìkan ló kó mẹ́jọ nínú rẹ̀. Ìlà gíga kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni bóyá ẹnì kan ń yọ ẹni tó fẹ́ fi páàsì ránṣẹ́ lẹ́nu tàbí kò sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ẹni tó yẹ síbi tó yẹ

Aṣọ́lé ni mo fi ṣáájú. Bí àwọn ẹ̀yìn bá wà lórí ìlà àárín, ó lé ní mítà 50 láti ẹ̀yìn wọn dé ilé, òun nìkan ló sì wà níbẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá jìnnà, kó dúró lẹ́nu àpótí rẹ̀ tàbí lóde rẹ̀ pàápàá, kó sì lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ, kó wo bí Manuel Neuer ṣe gbá a fún Jámánì nígbà tí wọ́n pàdé Algeria ní ìdíje ife àgbáyé 2014. Léraléra ló ń jáde kúrò nínú àpótí láti gé bọ́ọ̀lù gígùn kó tó dé ọ̀dọ̀ síráíkà, Jámánì sì borí ní 2 sí 1 lẹ́yìn àfikún àkókò.

Nínú àwọn sẹ́ńtà-báàkì méjèèjì, ó kéré tán kí ọ̀kan lẹ́sẹ̀ eré dáadáa. Nọ́ńbà 6, ìyẹn ẹni àárín tó ń dúró níwájú àwọn ẹ̀yìn, kò nílò eré tó bẹ́ẹ̀. Ojú ló nílò, kó lè ti dúró síbi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí kó tó bọ́. Àwọn fúlúbáàkì, ìyẹn àwọn ẹ̀yìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, gbọ́dọ̀ lè jáde sókè ní mítà 15 tàbí 20 láì ṣiyèméjì, torí ẹni tó bá jáde ní ìdajì ọkàn máa ń pẹ́ dé, pípẹ́ dé sì burú ju àìjáde lọ.

Ibi síráíkà ni ìpinnu ti máa ń le jù. Roberto Firmino kọ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù ní Liverpool ti Klopp, Mohamed Salah ni, síbẹ̀ Firmino ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo pírẹ́sì wọn. Bí mo bá ní síráíkà méjì, tí ọ̀kan ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n dáadáa ṣùgbọ́n tó máa ń gbé ọwọ́ ságbàdí nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́, tí èkejì ò gbá wọn wọlé tó bẹ́ẹ̀ àmọ́ tó mọ bí a ṣe ń dí ọ̀nà, èkejì ni máa mú fún irú ikọ̀ yìí. Góòlù tí àkọ́kọ́ ì bá gbá wọlé, wíńgà àti àwọn ẹni àárín á rí i gbá, torí ibi tó súnmọ́ ilé ni wọ́n á ti máa gba bọ́ọ̀lù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pinnu ẹni tí ẹ máa fi sílẹ̀

Kò sí ìtò tó lè mú gbogbo ènìyàn. Aṣọ́lé wọn wà lára àwọn tó ń gba páàsì, tiyín wà ní òpin pápá lọ́hùn-ún. Mọ́kànlá ń bá mẹ́wàá ṣe nìyẹn. Bí ẹ bá tún fẹ́ kí sẹ́ńtà-báàkì méjì mú síráíkà wọn kan ṣoṣo, ènìyàn yín mẹ́jọ tó kù ló máa mú mẹ́wàá tiwọn, ó sì ku méjì tí ẹnikẹ́ni ò mú: aṣọ́lé wọn àti ẹnì kan sí i. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò bá yan ẹnì kan yẹn fúnra rẹ̀, alátakò á bá a yàn án, nọ́ńbà 6 wọn ni wọ́n sì máa ń yàn, ẹni tó lè yí ojú sí iwájú láàrin pápá kó sì fọ́ gbogbo ètò.

Fúlúbáàkì wọn tó wà ní òdìkejì ibi tí bọ́ọ̀lù wà ni mo máa ń fi sílẹ̀. Pápá fẹ̀ ní mítà 68, páàsì tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ní láti fò púpọ̀ nínú rẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀, kó tó bá a dọ́gba lẹ́sẹ̀, gbogbo ikọ̀ á ti yí síhà ọ̀hún.

Ọgbọ́n kejì ni kí ẹnì kan mú ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan. Bí síráíkà bá ń lọ bá sẹ́ńtà-báàkì, tó sì gba ọ̀nà tó mú kí nọ́ńbà 6 wọn wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tààrà, ara rẹ̀ ti dí ọ̀nà páàsì sí nọ́ńbà 6 yẹn. Ẹ kọ́ wọn láti máa bojú wẹ̀yìn kí wọ́n tó gbéra. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó, wọ́n á ti mọ ibi tí ẹni tí wọ́n fẹ́ dí wà.

Ní ti ìtò, 4-3-3 (ẹ̀yìn mẹ́rin, àárín mẹ́ta, iwájú mẹ́ta) ni mo fẹ́ràn jù, torí ó fi ènìyàn mẹ́ta síwájú, ó sì fi mẹ́ta sí àárín láì tú ẹ̀yìn mẹ́rin ká. Bí alátakò bá ń fi nọ́ńbà 6 kan ṣoṣo gbé bọ́ọ̀lù jáde, 4-2-3-1 náà dára, kí nọ́ńbà 10 yín, ẹni tó ń gbá lẹ́yìn síráíkà, lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fi sẹ́ńtà-báàkì mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, iwájú yín mẹ́ta kan wọn gẹ́ẹ́, fúlúbáàkì tó súnmọ́ bọ́ọ̀lù ni kó jáde lọ bá ẹni tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí ẹ̀yìn mẹ́ta tó kù sún mọ́ra wọn. Ìtò kò tó nǹkan tí à ń jà lé lórí. Mo ti rí 4-4-2 tó ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa, àti 4-3-3 tí kò lè ṣe é rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dẹ pańpẹ́

Ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá kì í rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbà á kọjá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó ṣe máa ń lọ rèé, bí ẹ bá wà ní 4-3-3, tí ẹ sì fẹ́ mú wọn ní apá òsì tiwọn, ìyẹn apá ọ̀tún yín:

1. Aṣọ́lé wọn ní bọ́ọ̀lù. Síráíkà yín dúró láàrin àwọn sẹ́ńtà-báàkì méjèèjì, ó fara sún mọ́ ti ọ̀tún díẹ̀, kí aṣọ́lé lè rò pé ti òsì ló ṣí sílẹ̀. Wíńgà yín ọ̀tún kò tíì mú fúlúbáàkì wọn. Ó dúró sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni pé kò kan òun.

2. Bọ́ọ̀lù lọ sọ́dọ̀ sẹ́ńtà-báàkì òsì. Bí ó ṣe ń rìn lórí koríko ni síráíkà gbéra, ó gba ọ̀nà tó tẹ̀ kọrọdọ, kó lè dí páàsì tó máa pa dà sí ọ̀tún. Kó má sáré tààrà, kó má sì fò wọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá ku bíi mítà méjì, kó dín eré kù, kó sún mọ́ ọn pẹ̀lú ìgbésẹ̀ kéékèèké.

3. Ẹni àárín yín tó wà ní ọ̀tún lẹ̀ mọ́ ẹni àárín wọn tó súnmọ́ ibẹ̀ jù. Èyí tó wà ní òsì wọlé wá mú nọ́ńbà 6 wọn. Wíńgà yín òsì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ àárín wá.

4. Ọ̀nà kan péré ló ṣí: fúlúbáàkì wọn. Bí páàsì bá ti kúrò lẹ́sẹ̀, kí wíńgà ọ̀tún gbéra. Kó dé bá a nígbà tí bọ́ọ̀lù ń dé bá a, kó sì dí ọ̀nà àárín kí ìlà ẹ̀gbẹ́ lè dí ọ̀nà tó kù.

5. Fúlúbáàkì yín ọ̀tún ti wà lẹ́yìn wíńgà wọn, ó lè fi ọwọ́ kàn án. Sẹ́ńtà-báàkì yín sún sápá ọ̀tún láti dúró de bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá gba orí ìlà.

6. Nọ́ńbà 6 yín dúró níwájú àwọn ẹ̀yìn, ó ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù máa ta sí. Púpọ̀ nínú bọ́ọ̀lù tí ẹ máa gbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa bọ́ sí, kò ní jẹ́ ẹsẹ̀ wíńgà.

Ìgbésẹ̀ mẹ́fà yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá pẹ́, ihò náà á là, bọ́ọ̀lù á sì gba ibẹ̀ jáde. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Liverpool ti Klopp máa ń yí pańpẹ́ yìí po. Firmino á dúró ti nọ́ńbà 6, Salah tàbí Sadio Mané á wá láti ẹ̀gbẹ́ lọ bá sẹ́ńtà-báàkì, wọ́n á fi ara dí fúlúbáàkì, wọ́n á sì fipá mú bọ́ọ̀lù wọ àárín, níbi tí ẹni àárín mẹ́ta ti ń dúró dè é. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbà níbẹ̀ máa ń wà ní ọ̀gangan ilé, èrè rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ewu rẹ̀ náà pọ̀ jù, torí bí fúlúbáàkì bá rí bọ́ọ̀lù tó gba òkè orí wíńgà gbà, kò sẹ́ni tó dúró dè é. Mi ò ní gba ikọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan yìí níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àmì tó ń sọ pé ó yá

Kò sí ikọ̀ tó lè máa lé bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìṣẹ́jú 90. Ẹ máa dúró nínú ìtò yín, kí ẹ dí àárín, kí ẹ máa retí àmì. Bí àmì bá dé, gbogbo yín á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àmì tó dájú jù ni páàsì tó pa dà sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù tó ta kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbà á, bọ́ọ̀lù tó ń ta lálẹ̀ tí kò tíì balẹ̀ jẹ́ẹ́, àti ẹni tó gba bọ́ọ̀lù tó kọ ẹ̀yìn sí ilé yín. Ẹ fi ẹsẹ̀ tí kò mọ́ alátakò lára kún un: bí sẹ́ńtà-báàkì wọn bá jẹ́ ọlọ́tùn-ún tí bọ́ọ̀lù sì bọ́ sí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó yá.

Páàsì sí aṣọ́lé wọn níye lórí lọ́tọ̀. Láti 1992 ni òfin ti kọ̀ fún aṣọ́lé láti fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá sí i, ẹsẹ̀ nìkan ló kù fún un. Ẹni tó bá ń lọ bá a gbọ́dọ̀ dí apá kan kó tó lọ, kí aṣọ́lé má lè yan apá tó wù ú. Bí ó bá sì fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù lọ́nà tó bófin mu, láti 2025 ni òfin tuntun ti sọ pé bó bá dì í mú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ, kọ́nà ni wọ́n máa fún ikọ̀ kejì. Ẹ tètè mú gbogbo ẹni tó súnmọ́ ọn nígbà yẹn, kó má rí ibi jù ú sí.

Ọ̀pọ̀ ikọ̀ máa ń fi gólìkíìkì ṣòfò. Láti 2019, àwọn ẹ̀yìn lè gba bọ́ọ̀lù nínú àpótí tiwọn, àmọ́ alátakò kò lè wọlé títí bọ́ọ̀lù á fi kúrò lójú kan. Kí síráíkà àti wíńgà yín dúró sí ẹnu àpótí, kí wọ́n ti mọ ẹni tí kálukú máa lọ bá, kí wọ́n sì wọlé ní kété tí aṣọ́lé bá ti fẹsẹ̀ kàn án. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù wọlé náà dára púpọ̀ fún pírẹ́sì, torí ẹni tó ń jù ú wà lóde pápá, wọ́n ti fi ẹnì kan dín. Kí àwọn ẹ̀yìn yín kàn rántí pé kò sí ọ́fúsáìdì níbi jíjù yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú gólìkíìkì àti kọ́nà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ yín

Ìgbà tí alátakò ò lágbára rárá ni ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù. Ẹni tó gbà á ṣì ń wá ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tíì gbójú sókè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bolé. Guardiola sọ ọ́ di òfin ní Barcelona láàrin 2008 sí 2012: ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni kí gbogbo wọn fi lé bọ́ọ̀lù tó bọ́. Bí wọn ò bá rí i gbà, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ tò.

Ẹni tó súnmọ́ bọ́ọ̀lù jù ló máa lọ bá a, ì báà jẹ́ òun ló sọ ọ́ nù. Àwọn méjì tó tẹ̀lé e á dí páàsì tó súnmọ́ jù. Àwọn tó jìnnà á wọ àárín. Gbígbé ọwọ́ sókè sí rẹfirí, bíbínú sí ẹni tó fún ni ní páàsì burúkú, ẹ jẹ́ kó dúró di ẹ̀yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Ìgbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ yín ni ẹ ti ń pèsè fún gbogbo èyí. Bí ẹ bá ń kọlu ilé wọn, ẹ má jẹ́ kí gbogbo ènìyàn lọ síwájú. Ènìyàn márùn-ún ni mo máa ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù: sẹ́ńtà-báàkì méjì lórí tàbí nítòsí ìlà àárín pápá, àti mẹ́ta níwájú wọn, nọ́ńbà 6 pẹ̀lú ẹni méjì lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ẹni méjì yẹn lè jẹ́ fúlúbáàkì tó wọ àárín, ó sì lè jẹ́ fúlúbáàkì kan àti ẹni àárín kan. Iṣẹ́ àwọn sẹ́ńtà-báàkì ni kí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ẹni tí alátakò fi sílẹ̀ síwájú kí bọ́ọ̀lù tó bọ́. Ẹ̀yìn tó bá ń wo ìkọlù ẹgbẹ́ rẹ̀ bí òǹwòran, tó gbàgbé ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló máa ń jẹ́ kí góòlù wọlé.

Páàsì kúkúrú náà wúlò níhìn-ín. Bí ẹ bá ń fi páàsì mítà mẹ́wàá gbé bọ́ọ̀lù lọ, ibi tó bá ti bọ́, ènìyàn yín mẹ́ta ti wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbá a ní mítà 50 tó sì bọ́, ẹnikẹ́ni ò sí nítòsí.

Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kan máa ń kọ́ àwọn ọmọ wọn láti fa alátakò lulẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn bá já sí asán. Mi ò fara mọ́ ọn. Yàtọ̀ sí káàdì, ọmọ tó mọ̀ pé òun lè fa ènìyàn lulẹ̀ kì í kọ́ bí a ṣe ń dúró síbi tó yẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun tí ẹ máa fi bọ́ọ̀lù tí ẹ gbà ṣe

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ralf Rangnick ní ìlànà tó mọ́ lẹ́nu àwọn eléré: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ láti gba bọ́ọ̀lù pa dà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti gbá a sí ilé lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á. Kí ojú ẹni tó gbà á kọ́kọ́ wo iwájú. Bí síráíkà bá wà níbẹ̀, kí bọ́ọ̀lù lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wíńgà méjèèjì sáré wọ àárín àwọn ẹ̀yìn wọn, kí ẹni àárín kan dé ẹnu àpótí láti gba èyí tó bá pa dà. Bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan gbé dé ìlà ilé wọn tó wá gbá pa dà sẹ́yìn sí ọ̀gangan pẹ́nárítì ni mo fẹ́ràn jù, torí ojú àwọn ẹ̀yìn wọn kọ sí ilé tiwọn, wọn ò rí ẹni tó ń bọ̀.

Bí iwájú bá dí, ẹ má fipá wọ̀ ọ́. Ẹ di bọ́ọ̀lù mú, ẹ pín in, ẹ mí. Ikọ̀ tó ń lé bọ́ọ̀lù báyìí kò ní ìsinmi míì ju ìgbà tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkùnrin mú ọkùnrin

Ọ̀nà míì wà tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá Marcelo Bielsa àti Gian Piero Gasperini fẹ́ràn: kálukú mú ẹni tirẹ̀ káàkiri pápá. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2024 ní Dublin, Atalanta ti Gasperini fi í dí Bayer Leverkusen lọ́nà pátápátá ní àṣekágbá Europa League. Leverkusen ti gbá ìdíje 51 láì pàdánù kankan, àmọ́ wọn ò ráyè yí ojú síwájú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ademola Lookman gbá mẹ́ta sáwọ̀n, ó parí sí 3 sí 0. Ó dùn ún wò gan-an ni, ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe é, ẹ rí i dájú pé àwọn ẹ̀yìn yín lè dá dúró ní ẹnì kan sí ẹnì kan láì ní olùrànlọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ dá òun, ọ̀nà ti là dé ọ̀dọ̀ aṣọ́lé.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ wọn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rírìn. Ẹ to ènìyàn mọ́kànlá sí pápá láì sí alátakò, ẹ gbé bọ́ọ̀lù kiri, kí kálukú máa rìn lọ síbi tó yẹ. Ẹ dá wọn dúró lójijì, kí ẹ ní kí wọ́n wo ìjìnnà ara wọn. Ó máa ń sú àwọn ọmọ, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọlé sí wọn lára.

Lẹ́yìn náà, ẹ la àpótí tó jẹ́ mítà 30 sí 25, mẹ́fà sí mẹ́fà. Ikọ̀ tó bá gba bọ́ọ̀lù pa dà láàrin ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún gba àmì kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹsẹ kan, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún ti tó. Bí ó bá ti rẹ̀ wọ́n débi pé wọ́n ń pẹ́ dé, ẹ dáwọ́ dúró, torí pípẹ́ dé ni ẹ ń kọ́ wọn nígbà yẹn. Kí èyí tó kẹ́yìn jẹ́ lórí ìdajì pápá: aṣọ́lé àti mẹ́jọ gbé bọ́ọ̀lù jáde láti gólìkíìkì, mẹ́jọ yín dẹ pańpẹ́ dè wọ́n, góòlù tí ẹ bá gbá wọlé láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá jẹ́ méjì. Iṣẹ́ tó le yìí kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọjọ́ méjì tó ṣáájú ìdíje.

Lọ́jọ́ ìdíje

Ẹ yan ìgbà tí ẹ máa fi gbogbo agbára jáde: ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì, àti ìgbà tí góòlù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Láàrin wọn, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí àárín pápá, kí ìjìnnà láàrin yín má yí pa dà. Níbi tí òfin ìdíje yín bá ti gbà pààrọ̀ ẹni márùn-ún, iwájú àti àárín ni kí ẹ ná an sí, kí ẹ tó rí i pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Bí síráíkà bá pẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ó ti tó àkókò.

Bí alátakò bá kọ̀ láti gbé bọ́ọ̀lù jáde, tí wọ́n ń gbá a gígùn lórí yín, ẹ má ṣe máa lé aṣọ́lé wọn kiri. Kí síráíkà nìkan máa yọ ọ́ lẹ́nu, kí ẹni àárín mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ sún mọ́ àwọn ẹ̀yìn, torí bọ́ọ̀lù tó bá ta lẹ́yìn ìforígbá ni ìjà wà báyìí. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti ń rí ẹ̀yìn yín gbà, ẹ sọ ìlà kalẹ̀ ní mítà mẹ́wàá. Barcelona tó fi ìlà gíga ṣẹ́gun Madrid ni Inter fi 4 sí 3 lé jáde ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá Champions League ní oṣù karùn-ún 2025, 7 sí 6 ní àpapọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń wo àwòrán ìdíje náà lẹ́yìn ọ̀la, ẹ má dá a dúró níbi tí góòlù ti wọlé. Ẹ dá a pa dà sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí alátakò jáde kúrò nínú pańpẹ́ yín, kí ẹ wo ẹni tó gbéra, ẹni tó yẹ kó tẹ̀lé e, àti ibi tí ìlà ẹ̀yìn wà. Ẹ fi han àwọn mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí nígbà yẹn, kí ẹ tó sọ tiyín.